Wolé-wolé Ilé Átọ́mù: Ẹ̀kọ́ Láti Jamestown

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àwọn àgbàlagbà àárín yín kò ní gbàgbé wolé-wolé. Ní ayé àwọn Òyìnbó, bí a bá ti gbúròó rẹ̀ ní ìkángun àdúgbò kan, olúkúlùkù onílé yóò dìde wàràwàrà: ẹnìkan yóò bo àmù omi rẹ̀, ẹlòmíràn yóò gbá ẹ̀yìnkùlé, ẹlòmíràn yóò da omi tí ẹ̀fọn ń yé sí nù. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn wolé-wolé, nítorí pé owó ìtanràn ni ó máa ń bá a rìn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rántí bí àrùn ti ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì ní ìgbà wọnnì yóò jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe fún ìlú. Agbára rẹ̀ kò sí nínú aṣọ kakí tí ó wọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó fún un ní agbára, èyí ni pé kì í ṣe òun ni ó ni ilé tí ó ń wò, onílé kọ́ sì ni ó ń san owó oṣù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wolé-wolé mìíràn ni a mú wá fún yín lónìí, èyí tí ilé tí yóò máa wò kò jọ ilé tí ẹnikẹ́ni nínú wa ń gbé. Láti ọdún 2008 ni ìjọba Gánà ti pinnu láti fi agbára átọ́mù kún àwọn ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè náà ń gbà pèsè iná mànàmáná. Wọ́n ti yan ibi tí wọ́n rò pé ó yẹ, èyí ni Nsuban ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi Obotan, ní Ẹkùn Àárín, ṣe ibi kejì bí ti àkọ́kọ́ kò bá ṣeé ṣe. Bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, a kò tí ì kọ́ ilé náà. Nítorí náà, àkókò gan-an nìyí láti bèèrè ohun tí ó yẹ kí a bèèrè kí ìpìlẹ̀ tó délẹ̀. Ta ni yóò máa yẹ ilé náà wò? Ta ni yóò sì ní àṣẹ láti wí fún ìjọba tí ó kọ́ ọ pé, "Ẹ pa ààrò yìí, kò dára tó"? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn, ìtàn náà sì bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò àtijọ́ kan ní etí òkun Accra, tí a ń pè ní Jamestown.

Ní ọdún 1673 ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ilé olódi kan sí etí òkun yìí, wọ́n sì fi orúkọ James, àbúrò ọba wọn, pè é. Láti ara ilé olódi náà ni àdúgbò ti gba orúkọ. Ìtàn àwọn Ga fi yé wa pé láti ìhà Allada, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, ni a ti kó àwọn òṣìṣẹ́ wá láti kọ́ ọ, ìran wọn ni ó sì wà ní apá kan àdúgbò náà tí a ń pè ní Alata títí di òní. Alata yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ará Gánà fi ń pe àwa tí a ti ìhà ìlà-oòrùn wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Jamestown kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí etígbọ̀ọ́ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni òbí yín ti pàtẹ ọjà ní Accra kí òfin ọdún 1969 tó lé àwọn àlejò kúrò ní ilẹ̀ náà.

Ilẹ̀ tí Jamestown dúró lé kì í ṣe ilẹ̀ tí ó sùn jẹ́ẹ́. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Júláì ọdún 1862, ilẹ̀ mì tìtì ní Accra, ó sì ba àwọn ilé olódi àti ọ̀pọ̀ ilé òkúta jẹ́. Àwọn ènìyàn tún ilé wọn kọ́ bí wọ́n ti ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ìrántí rẹ̀ sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1908, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Accra. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Ọ̀jọ̀gbọ́n W. J. Simpson wá láti London, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé tí ó há mọ́ra, wọ́n sì la àdúgbò tuntun kan sí òdìkejì ọ̀sà Korle, tí a ń pè ní Korle Gonno, fún àwọn tí wọ́n kó kúrò. Lẹ́yìn tí ikú ti wọlé ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé ó yẹ kí a máa wo ilé.

Ìgbà kẹta náà dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejìlélógún oṣù Júùnù ọdún 1939, ilẹ̀ tún mì ní Accra. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀, ènìyàn 17 ni ó kú, àwọn tí ó farapa sì jẹ́ 133. Ní Jamestown àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká, ilé amọ̀ àti ilé òkúta tí a kò fi irin dè wó lulẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni N. R. Junner, olórí àwọn tí ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ àti òkúta ní Gold Coast, kọ ìwé kan nípa ìsẹ̀lẹ̀ náà tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1941. Àwọn onímọ̀ ti fi yé wa pé ilẹ̀ là nísàlẹ̀ ní ìhà àwọn òkè Akwapim tí ó wà lẹ́yìn Accra, àti pé àpáta ibẹ̀ a máa yẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjọba tún kọ́ àdúgbò tuntun, bí Kaneshie àti Mamprobi, fún àwọn tí ilé wó mọ́ lórí. Àwọn baba wa ti wí i pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kì í ṣe ilẹ̀ tí ó mì ni ó pa àwọn ènìyàn 17 náà. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò ni ó pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn, kí a sì wá sí ọ̀rọ̀ átọ́mù. Nínú ilé olódi Jamestown yìí kan náà, tí àwọn Òyìnbó ti sọ di ilé ẹ̀wọ̀n, ni Kwame Nkrumah wà títí di oṣù Fẹ́búárì ọdún 1951, nígbà tí ìdìbò gbé e jáde láti inú ẹ̀wọ̀n bọ́ sí ipò olórí ìjọba. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọdún 1957, ọkàn rẹ̀ wà lára ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ìgbà tuntun. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Fẹ́búárì ọdún 1960, ìjọba Faransé yin bọ́ǹbù átọ́mù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, wọ́n sì yin mẹ́ta mìíràn lójú sánmà kí oṣù Épúrì ọdún 1961 tó parí. Nkrumah fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ìjọba Nàìjíríà pàápàá lé aṣojú Faransé lọ ní oṣù Jánúárì ọdún 1961. Ohun tí ó bà wá lẹ́rù nígbà náà ni ìtànṣán tí ojú kò rí, tí afẹ́fẹ́ lè gbé kọjá ààlà láìsí ìwé ìrìnnà.

Ṣùgbọ́n Nkrumah mọ̀ pé iná tí ó jó ilé náà ni a fi ń se ọbẹ̀. Ó bá ìjọba Rọ́ṣíà ṣe àdéhùn láti kọ́ ààrò átọ́mù kan fún ìwádìí, tí agbára rẹ̀ yóò jẹ́ 2,000 kìlówáàtì. Ní ọdún 1963, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gánà fi òfin dá Àjọ Agbára Átọ́mù sílẹ̀, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1964 ni Nkrumah sì fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní Kwabenya, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Akwapim. Bí ẹyẹ bá gbéra láti ibi iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi ní Jamestown, kò ní fò ju ogún kìlómítà lọ kí ó tó dé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Fẹ́búárì ọdún 1966, iṣẹ́ náà dúró.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú òfin ọdún 1963 náà. Àjọ kan ṣoṣo ni ó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ átọ́mù lé lọ́wọ́. Àjọ tí yóò kọ́ ilé ni yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, òun náà ni yóò sì máa wò ó. A kò sọ èyí láti fi bú àwọn tí ó ṣe òfin náà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ń ṣe ní ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti rí àbùkù rẹ̀.

Ní oṣù Òkùtóbà ọdún 1957, iná sọ nínú ààrò átọ́mù kan ní Windscale, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtànṣán jáde gba ojú ihò èéfín rẹ̀, ó bà sórí koríko, màlúù jẹ koríko náà, ìjọba sì pàṣẹ pé kí a da wàrà tí a fún ní nǹkan bí 500 kìlómítà oníhà mẹ́rin nù. Àjọ tí ó ni ààrò náà ni ó ń ṣe ìbẹ̀wò fún ara rẹ̀. Kò sí olùbẹ̀wò láti ìta tí ó ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1959, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ fi ààrò átọ́mù ṣòwò iná mànàmáná gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ó sì jẹ́ kí àwọn olùbẹ̀wò ìjọba máa wọlé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà náà ni òye yìí ti ń tàn kálẹ̀, pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń kọ́lé, ọ̀tọ̀ ni ó sì yẹ kí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́.

Amẹ́ríkà kò gba òye náà títí di ọdún 1974, nígbà tí wọ́n pín àjọ átọ́mù wọn sí méjì. Jàpáánù kò gbà á tán títí tí ewu fi dé. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Máàṣì ọdún 2011, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá kan mi òkun, omi ya wọ ilé átọ́mù Fukushima, àwọn ẹ̀rọ tí ń fi omi tútù sí ààrò dákẹ́, ààrò mẹ́ta sì yọ́. Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin wọn gbé kalẹ̀ sọ ní ọdún 2012 pé ọwọ́ ènìyàn ni ó fa àjálù náà, àti pé àwọn olùbẹ̀wò ti di ọ̀rẹ́ àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ wò. Ọ́fíìsì àwọn olùbẹ̀wò wọ̀nyí wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba kan náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí ilé átọ́mù pọ̀ sí i. Ilẹ̀ mì ní Jàpáánù gẹ́gẹ́ bí ó ti mì ní Jamestown. Àwọn ará Jàpáánù ní ọgbọ́n, wọ́n ní owó, wọ́n sì mọ̀ nípa ìsẹ̀lẹ̀ jù wá lọ; ohun tí wọn kò ní ni wolé-wolé tí ẹnu rẹ̀ lè ká onílé.

Wàyí o, báwo ni Gánà ti ṣe? Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí Nkrumah fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, Kwabenya rí ààrò rẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti wá, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́mù tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Vienna. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1994 ni iná átọ́mù kọ́kọ́ gbà nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Máàṣì ọdún 1995. Ààrò kékeré ni. Agbára rẹ̀ jẹ́ 30 kìlówáàtì, kò sì ń pèsè iná mànàmáná rárá. Àárín rẹ̀ gan-an, níbi tí yuréníọ̀mù wà, kò tó garawa omi kan ní títóbi, ó sì wà nísàlẹ̀ omi nínú kànga jíjìn. Ọ̀pá ìkóníjàánu kan ṣoṣo ni ó ní. Bí omi tí ó yí i ká bá sì ti ń gbóná, iná rẹ̀ a máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń lò ó láti mọ ohun tí ó wà nínú erùpẹ̀, nínú oúnjẹ àti nínú òkúta góòlù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ́ iṣẹ́ nídìí rẹ̀.

Kí ààrò náà tó dé, ní ọdún 1993, ìjọba ṣe ìlànà tí ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ènìyàn kúrò lọ́wọ́ ìtànṣán. Ohun rere ni èyí, ṣùgbọ́n abẹ́ Àjọ Agbára Átọ́mù ni ìgbìmọ̀ náà wà. Ọmọ inú ilé ni wolé-wolé. Bí ó bá rí ìdọ̀tí ní yàrá baba rẹ̀, báwo ni yóò ti fi owó ìtanràn bu baba? Ọdún méjìlélógún kọjá kí a tó tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ní ọdún 2015 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gánà ṣe Òfin 895, tí ó dá àjọ olùṣàkóso ààbò átọ́mù sílẹ̀ lọ́tọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016. Àjọ yìí ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, òun ni ó ń ṣe ìbẹ̀wò, òun náà ni ó sì lè gba ìwé àṣẹ padà.

Kí ni irú àwọn olùbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe? Ẹ má ṣe rò pé wọn a kàn wọlé, kí wọ́n wo òsì wo ọ̀tún, kí wọ́n sì jáde. Iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ kí a tó gbẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé átọ́mù yóò kọ ìwé ńlá kan láti fi hàn bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí, bí ó ti máa ń mì tó, ibi tí omi ń gbà, iye ènìyàn tí ń gbé nítòsí, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́ tàbí bí ẹ̀rọ méjì bá bàjẹ́ pọ̀. Ìwé àṣẹ kan wà fún yíyan ilẹ̀, òmíràn wà fún kíkọ́, òmíràn fún títan iná, òmíràn fún lílò, ìkẹyìn sì wà fún ọjọ́ tí a ó pa ilé náà tì. Olùbẹ̀wò lè sọ ọjọ́ tí òun ń bọ̀, ó sì lè dé láìròtẹ́lẹ̀. Yóò ka ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí, yóò wo bí wọ́n ti ń dán ọ̀pá ìkóníjàánu wò, yóò sì yẹ àmì kékeré tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi sí àyà wò, èyí tí ń sọ iye ìtànṣán tí ó ti wọ ara rẹ̀. Ìwọ̀n tí a gbà káàkiri ayé ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbà ju 20 mílísífáàtì lọ ní ọdún kan, bí a bá pín in láàárín ọdún márùn-ún, àti pé ará ìlú kò gbọdọ̀ gbà ju 1 lọ láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Kwabenya nìkan ni iṣẹ́ yìí dé. Ní òdìkejì ọ̀sà Korle, tí kò jìnnà sí Jamestown, ni ilé ìwòsàn ńlá Korle Bu wà, níbi tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ sàn. Ẹ̀rọ tí ń woni sàn yìí lè pani bí a kò bá ṣọ́ ọ. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1987, ní ìlú Goiânia ní Bùràsíìlì, àwọn kan jí ẹ̀rọ irú bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìwòsàn tí a ti pa tì, wọ́n tú u, wọ́n sì tà á fún oníṣòwò irin àlòkù. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ń tàn ní òru bí ìmọ́lẹ̀ búlúù, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ sì fi ọwọ́ pa á lára. Ènìyàn mẹ́rin kú, ìtànṣán sì ba ènìyàn 249. Kò sí ààrò átọ́mù kan tí ó bàjẹ́ ní ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ kan ni a fi sílẹ̀ láìsí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀.

Ọdún 2017 fi ojú rere àti ojú búburú ọ̀rọ̀ yìí hàn wá ní Accra. Yuréníọ̀mù tí ó wà nínú ààrò Kwabenya láti ọdún 1994 jẹ́ irú èyí tí a ti sọ di líle tó ìdá 90 nínú 100, irú èyí tí ẹni ibi lè fẹ́ jí fún bọ́ǹbù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀. Ní ọdún náà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi èyí tí kò le tó ìdá 20 rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì dá ti àtijọ́ padà sí Ṣáínà ní oṣù Ọ́gọ́sì. Àwọn onímọ̀ Gánà, ti Ṣáínà, ti Amẹ́ríkà àti ti Àjọ Àgbáyé ni ó jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ náà, ewu kankan kò sì ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2018, a ṣe bákan náà fún ààrò irú rẹ̀ tí ó wà ní Zaria ní orílẹ̀-èdè wa.

Oṣù méjì péré ni ó kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ keje oṣù Òkùtóbà ọdún 2017, iná ńlá sọ ní oríta tí àwọn ará Accra ń pè ní Atomic Junction, nítorí pé ọ̀nà Kwabenya gba ibẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà láti òkèèrè lè rò pé ààrò átọ́mù ni ó gbiná. Kì í ṣe òun. Ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ìdáná ni ó bú gbàmù. Ènìyàn méje kú, àwọn tí ó farapa sì ju 130 lọ. Ohun tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù wà ní ibùsùn rẹ̀ láìmira, nítorí pé ojú púpọ̀ ń ṣọ́ ọ. Ohun tí ó wà nínú ilé ìdáná wa ni ó pani. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òfin wà fún gáàsì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òfin tí ẹnikẹ́ni kò rìn lọ wò dà bí ìlẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Ẹ wo bí òkùnkùn ti ṣú wa tó. Omi Akosombo, tí Nkrumah ṣí ní oṣù Jánúárì ọdún 1966, kò tó Gánà mọ́. Ìnira iná tí ń lọ tí ń bọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní dumsor. Bí a bá tún gbé olùbẹ̀wò tí ń wí pé rárá ka orí ẹni tí ń kọ́lé, ìgbà wo ni iná yóò tàn?" Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Aláìsàn tí iná kú mọ́ lórí ibi iṣẹ́ abẹ náà wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ilé átọ́mù yóò ṣiṣẹ́ fún ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún méjì tí olùbẹ̀wò bá fi dá a dúró nítorí ìpìlẹ̀ tí kò dára kéré sí ìran kan tí yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn ará Fukushima ti fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Láàárín ìsẹ̀lẹ̀ ọdún 1862 àti ti ọdún 1939, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni. Ilé átọ́mù kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé irú àkókò bẹ́ẹ̀ láyé. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Júùnù ọdún 2020, ilẹ̀ tún mì díẹ̀ ní Accra, bí ẹni pé ó ń rán wa létí.

Ìṣòro tí ó wà níwájú kò sí nínú ìwé òfin mọ́, nítorí pé òfin dára. Ó wà lára ènìyàn. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ átọ́mù kò pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni olùbẹ̀wò àti ẹni tí a ń bẹ̀ wò sábà máa ń lọ. Wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́, nígbà mìíràn ọ̀kan ni ó kọ́ èkejì níṣẹ́. Ó ṣòro fún ọmọdé láti wí fún ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò kúnjú ìwọ̀n. Nítorí náà, owó oṣù olùbẹ̀wò gbọdọ̀ tó o jẹ, kò gbọdọ̀ wá láti ọwọ́ ẹni tí ó ń wò, kò sì gbọdọ̀ sí mínísítà tí ó lè fi ìwé lé e kúrò nítorí pé ó sọ òtítọ́. Bákan náà ni ilẹ̀ tí ó yí Kwabenya ká. Ìjọba gba ilẹ̀ náà kí ààyè lè wà láàárín ààrò àti ilé àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n láti ọdún púpọ̀ ni Àjọ Agbára Átọ́mù ti ń ké pé àwọn akọ́lé ń wọ inú rẹ̀. Àwọn tí ó ń kọ́lé síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n bí ìjọba kò bá lè pa ààlà ààrò kékeré mọ́, báwo ni yóò ti pa ti ńlá mọ́?

Kí àwa ará Nàìjíríà má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni èyí. Ní ọdún 1995 ni a ṣe òfin tí ó dá àjọ olùbẹ̀wò átọ́mù tiwa sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2001 ni àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ni òfin fi wà nínú ìwé láìní ẹsẹ̀. A dúpẹ́ pé ó ti wà lórí ìjókòó kí ààrò Zaria tó gbaná ní ọdún 2004. Orílẹ̀-èdè wa náà ti sọ pé òun fẹ́ ilé iná mànàmáná átọ́mù. Bí ọjọ́ náà bá dé, ìbéèrè tí a bi Gánà ni a ó bi ara wa. Ìtànṣán tí afẹ́fẹ́ gbé kò mọ ààlà Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà; ohun tí a kọ́ nígbà bọ́ǹbù Sàhárà nìyẹn.

Iná atọ́nà Jamestown, tí a kọ́kọ́ gbé dúró ní ọdún 1871 tí a sì tún kọ́ ní àwọn ọdún 1930, wà níbẹ̀ kí apẹja má bàa sọnù nínú òkùnkùn. Àwọn ará àdúgbò náà fẹ́ iná, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní 1862, ní 1908 àti ní 1939, lẹ́yìn òkú ni wolé-wolé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ti átọ́mù, Gánà ti gbé olùbẹ̀wò kalẹ̀ kí ilé tó dìde, ìgbésẹ̀ ọlọ́gbọ́n sì ni, nítorí pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ohun tí ó kù ni pé kí àwọn aláṣẹ má ṣe binú ní ọjọ́ tí olùbẹ̀wò náà bá kọ́kọ́ wí pé rárá. Ní ọjọ́ náà ni a ó mọ̀ bóyá wolé-wolé ni wọ́n yàn lóòótọ́, tàbí àlejò tí wọ́n kàn fún ní àga láti jókòó.